Tí Ẹ Bá Fẹ́ Bá Ọkọ̀ Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Rìn Láti Ìlú Dé Ìlú

Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, tàbí tí ọjọ́ kẹrin oṣù kejì tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ó rí i tí àwọn ọkọ̀ àyẹ̀wò á máa wọ ìlú. Wọ́n á gbé kànópì kalẹ̀ sẹ́nu ọjà, wọ́n á tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn nọ́ọ̀sì á jókòó sídìí tábìlì, èrò á sì tò. Àwọn tó ń rí wa lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí máa ń béèrè pé báwo làwọn náà ṣe lè yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn ni mo torí wọn kọ èyí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ká tó sọ ohunkóhun mìíràn: àyẹ̀wò kì í wo èèyàn sàn. Ẹni tí nọ́ọ̀sì bá rí kókó lọ́mú rẹ̀ lónìí, tí kò bá dé ilé ìwòsàn, kókó yẹn á ṣì wà lára rẹ̀ lẹ́yìn tá a bá ti ká kànópì wa lọ. Iṣẹ́ tiyín ni kí onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣẹ́ẹ̀tì píǹkì, orin, ìwé pélébé tí a ń pín, wọ́n dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn iṣẹ́ yẹn ni gbogbo wọn ń tọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 2022, àjọ IARC tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èèyàn bí 127,000 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ lára wọn ní Nàìjíríà lọ́dún náà, àti pé nǹkan bí 79,000 ló bá a lọ. Ti ọmú ló pọ̀ jù láàárín àwọn obìnrin, ti ẹnu ilé ọmọ tẹ̀ lé e. Láàárín àwọn ọkùnrin, ti prostate, ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í dé ilé ìwòsàn àfìgbà tí nǹkan bá ti bọ́ sórí.

Ẹ wá ẹgbẹ́ tó ṣeé bá rìn

Ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀. BRECAN wà, tí Betty Anyanwu-Akeredolu dá sílẹ̀ lọ́dún 1997 lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ọmú bá òun fúnra rẹ̀ jà. CECP-Nigeria náà wà, àwọn tó ń gbé ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Pink Cruise kiri. Yàtọ̀ sáwọn ẹgbẹ́ ńlá, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó jọ jáde níléèwé kan náà, gbogbo wọn ló máa ń kó ara wọn jọ háyà bọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ kékeré kò burú. Nígbà mìíràn àwọn ni wọ́n mọ ìlú jù.

Kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè. Ta ló ń ṣe àyẹ̀wò, ṣé nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ní ìwé àṣẹ ni? Ṣé wọ́n ti sọ fún ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ pé àwọn ń bọ̀? Ilé ìwòsàn wo ló ti gbà pé òun á gba àwọn tí wọ́n bá rí nǹkan lára wọn? Tí ẹnì kan ò bá lówó àyẹ̀wò tó kàn, kí ni wọ́n ń ṣe fún un? Ta ló ń pe àwọn èèyàn lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti padà, ó sì ń pè wọ́n dìgbà wo?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀. Bí wọ́n bá ní, "A máa ń sọ fún wọn kí wọ́n lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn," ẹ tún bi wọ́n pé: ta ló ń dúró dè wọ́n ní UCH? Ìyá tó wá láti Kíṣí tàbí Ìgbòho, tí kò mọ géètì tí wọ́n ń gbà wọlé, tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, tó sì ti fi owó ọkọ̀ wá, lè rìn yíká ibẹ̀ títí ọ̀sán á fi pọ́n, kó sì padà sílé láì rí ẹnikẹ́ni. Kò ní padà lọ mọ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní orúkọ nọ́ọ̀sì kan àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nílé ìwòsàn tí wọ́n ń darí èèyàn sí, ẹ bá wọn wá a kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí wọn ò bá rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ní in, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn.

Ẹ sá fún ẹgbẹ́ tó bá ń ta oògùn tàbí tíì lábẹ́ kànópì pẹ̀lú. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á ra ohunkóhun.

Ibi tí iṣẹ́ yín mọ

Bí ẹ ò bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ẹ ò ní fọwọ́ kan ọmú ẹnikẹ́ni, ẹ ò ní ka èsì fún ẹnikẹ́ni, ẹ ò ní sọ pé "ó jọ pé kò sí nǹkan kan." Iṣẹ́ tó kù fún yín ju èyí tí ẹ lè parí lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kọ orúkọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu àgọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣí aṣọ lójijì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bá àwọn tó wà lórí ìlà sọ̀rọ̀ kí ara má baà ta wọ́n lọ. Ẹni tó gbọ́ èdè míì jẹ́ ìṣúra: ní Òkè Ògùn, àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà máa ń wá, wọ́n á dúró lókèèrè máa wò wá, wọn ò sì ní sún mọ́ àfi tí ẹnì kan bá fi èdè wọn kí wọn. Awakọ̀ náà, èèyàn pàtàkì ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó mọ ọ̀nà tí kì í sáré àsápajúdé, torí gbogbo yín lẹ máa padà sílé lálẹ́.

Ẹ kọ́ ìwọ̀nba ohun tí ẹ máa sọ, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Nípa ọmú: kókó tuntun nínú ọmú tàbí ní abíyá, awọ tó sun kì tàbí tó jìn wọnú, orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lórí ọmú, egbò tó kọ̀ tí kò jiná. Ọkùnrin náà lè ní in. Nípa ẹnu ilé ọmọ: ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan oṣù méjì, ẹ̀jẹ̀ lára ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ tẹnu mọ́ eléyìí tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń rò pé nǹkan oṣù àwọn ló padà dé.

Àwọn òbí máa béèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń gbà á. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì bọ́ sí i lọ́dún 2024. Kòkòrò HPV ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ìdí rèé tí wọ́n fi fẹ́ dí i lọ́nà kí ọmọ tó dàgbà. Wọ́n á ní ó ń sọ ọmọ di àgàn. Ẹ dáhùn pé rárá, kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀sì tó ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ náà ní ìlú wọn hàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ máa ń wọ̀ wọ́n létí ju ti àlejò.

Kí ọkọ̀ tó gbéra

Ẹ lọ sí ìlú náà ṣáájú. Ẹ má kàn gbé bọ́ọ̀sì já ọjà lójijì. Ẹni mẹ́ta ni kí ẹ rí: nọ́ọ̀sì àgbà tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wọn, ìyálọ́jà, àti baálẹ̀ tàbí ọba. Nọ́ọ̀sì yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jókòó tì yín lọ́jọ́ náà, kí àwọn aráàlú lè rí i pé iṣẹ́ tiẹ̀ náà ni. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe láì fi ohunkóhun pa mọ́, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí gba ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń yan ọjọ́ ọjà gan-an nítorí èrò. Èrò á wá lóòótọ́, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n á gba ìwé. Ṣùgbọ́n ìyá tó gbé tòmátì kalẹ̀ kò ní fi í sílẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú àgọ́. Ohun tí mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ kejì rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Ọjọ́ méjì nílùú kan sàn ju ìlú méjì lóòjọ́ lọ. Ẹ má gbé ètò sí àkókò Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sì bá àwọn Kìrìsìtẹ́nì du àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àwọn ìyá Àsàlátù àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere máa ń fún yín láyè láti sọ̀rọ̀ nípàdé wọn tí ẹ bá tètè béèrè, ọ̀rọ̀ sì máa ń yára tàn láàárín wọn.

Bí àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ bá wà nínú ètò, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin mọ̀ ṣáájú pé kí wọ́n má wá nígbà tí nǹkan oṣù bá ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n má bá ọkọ sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n má sì fi ohunkóhun fọ abẹ́ inú. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ró ìró wá. Ìró rọrùn fún wọn láti fi bo ara. Ẹni tó bá wọ gáùn á bọ́ gbogbo rẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀, ojú á sì tì í. Àwọn tó ti pé ọgbọ̀n ọdún ni àyẹ̀wò yìí wà fún ní pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kòkòrò HIV lè bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 25.

Ẹrù yín kò pọ̀: omi mímu, bàtà tó balẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba iná pamọ́ fún fóònù, bírò mẹ́rin (wọ́n máa ń sọnù), ìwé ńlá onílà, ìpara ẹ̀fọn, oògùn tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò. Ẹ mú ìró méjì tó mọ́ dání fún ẹni tí kò bá ró tirẹ̀ wá.

Lábẹ́ kànópì

Ẹ gbé àgọ́ àyẹ̀wò jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti sí ibi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó. Ẹnu rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ọjà. Kí bẹ́ẹ̀dì wà ní ọ̀nà tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá tiẹ̀ ṣèèṣì ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà, orí ló máa rí, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ tún dúró níta kí oòrùn tó lọ sókè, kí ẹ wò ó bóyá òjìji ẹni tó wà nínú ń hàn lára aṣọ àgọ́. Bó bá ń hàn, ẹ fi ìró kan bò ó láti inú.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ibẹ̀, kí ẹ lè ṣàlàyé fún ẹni tó ń bẹ̀rù lórí ìlà. Nọ́ọ̀sì á fi irinṣẹ́ kan ṣí ojú ọ̀nà díẹ̀ kó lè rí ẹnu ilé ọmọ. Á ki òwú bọ omi kan tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti fínígà, á fi pa ibẹ̀, á dúró fún ìṣẹ́jú kan, á wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ibi tó bá ní ìyípadà á funfun. Ó lè ta díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ohun tó rí bá kéré, tí kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, àwọn ẹgbẹ́ kan ní ẹ̀rọ kékeré tó ń gbóná tí wọ́n fi ń jó ibẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, kò sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ti rí i tí obìnrin kan jáde nínú àgọ́, tó ń so ìró rẹ̀ bó ṣe ń rìn bọ̀, tó sì kọjú sí àwọn tó wà lórí ìlà: "Ṣé ohun tí gbogbo yín ń sá fún náà nìyí?" Àwọn mẹ́ta tó ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ jókòó padà.

Ìwé orúkọ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ, torí òun ni ẹ máa gbé lọ sílé. Nọ́ńbà fóònù kan kò tó. Ẹ gba méjì, kí ẹ sì béèrè ti ta ni èkejì. Ẹ bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Màmá, bí a bá pè tí ẹ ò gbé e, ta ni ẹ fẹ́ ká bá sọ̀rọ̀? Ṣé onítọ̀hún lè gbọ́ ìdí tí a fi pè?" Bó bá ní rárá, ẹ kọ "rárá" síwájú nọ́ńbà náà. Ìyá mìíràn wà tí kò fẹ́ kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbọ́, ìyàwó ilé mìíràn wà tí kò tíì mọ bó ṣe máa sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ibùgbé náà, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń júwe rẹ̀ fúnra wọn: ilé olókè lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ìdojúkọ ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo. Kí ẹ tún kọ orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nílé. Ìyá tó sọ orúkọ ìwé rẹ̀ fún yín, ó lè jẹ́ "Ìyá Ìbejì" nìkan ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí.

Ìwé yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó yẹ kí a pa mọ́ gidigidi, kódà bí kò bá tiẹ̀ sí òfin, ìtìjú èèyàn kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ má yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ má ya ẹnikẹ́ni tó wà lórí ìlà. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fọ́tò, kí wọ́n ya àwọn òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá rí nǹkan

Nọ́ọ̀sì ló máa sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fà á lé yín lọ́wọ́, ìgbà yẹn sì ni iṣẹ́ tòótọ́ dé. Ẹ mú un lọ síbi tó pa rọ́rọ́, ẹ fún un ní àga, ẹ̀yin náà ẹ jókòó. Ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ohun tí ẹ lè sọ kò ju báyìí lọ: "Màmá, nọ́ọ̀sì rí nǹkan kan tó yẹ kí dókítà yẹ̀ wò sí i. A ò tíì mọ ohun tó jẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, àyẹ̀wò ló máa sọ. Ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn, kí n lè pe ẹni tó máa gbà yín lálejò níbẹ̀ nísinsìnyí?" Ẹ pe nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà lójú rẹ̀, ẹ gbé fóònù fún un kí wọ́n jọ kí ara wọn. Ohùn yẹn nìkan máa ń mú kí ọ̀nà UCH kúrú.

Wọ́n á ní, "Kò dùn mí rárá." Ẹ sọ fún wọn pé àìdùn rẹ̀ kò ní kí wọ́n jókòó, torí èyí tó léwu kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ kàn án, ṣe ló máa tàn kálẹ̀. Ẹ̀rù yìí ló ń pa èèyàn jù nínú gbogbo ohun tí mo ń gbọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn pẹ́ kí wọ́n tó lọ, ó ti tàn kí abẹ́rẹ́ tó dé ibẹ̀, ni wọ́n bá di í ru abẹ́rẹ́. Ẹ ṣàlàyé pé díẹ̀ bíńtín ni wọ́n ń mú níbẹ̀ lọ wò, àti pé láìsí i, dókítà kò lè mọ oògùn tó máa bá a mu.

Bó bá dọ̀rọ̀ àgbo àti àdúrà, ẹ má bá wọn jà. Ẹni tó ń gbàdúrà, ẹ ní kó máa gbà á lọ, kó sì fi ọjọ́ ilé ìwòsàn kún ohun tó ń gbàdúrà lé lórí. Ti àgbo le díẹ̀: bí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbo kan lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tàbí kí wọ́n di oògùn lọ́wọ́, nítorí náà kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń mu fún dókítà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi pa mọ́. Ẹ má sì ṣèlérí ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lè ṣèlérí pé ẹ ó pè lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kí ẹ sì pè lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.

Ẹ wo bí ìgbésí ayé onítọ̀hún ṣe ń lọ kí ẹ tó mú ọjọ́. Ìyá oníṣu kan ní Òkè Ògùn gba ìwé lọ́wọ́ wa, ó ká a kékeré, ó dì í mọ́ owó ọjà sétí ìró rẹ̀. Ojú rẹ̀ sọ fún wa pé ibẹ̀ ni ìwé náà máa wà. Ọ̀kan lára wa wá béèrè pé ìgbà wo ló tún máa kó iṣu lọ sí Bódìjà n'Ìbàdàn. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Túsìdeè. A pe nọ́ọ̀sì, a sọ ọjọ́ dókítà di ọjọ́ Túsìdeè náà, kò san owó ọkọ̀ mìíràn, ó sì lọ.

Àwọn tí ìtọ́jú wọn ti bẹ̀rẹ̀

Ọkọ̀ tó ń lọ láti ìlú dé ìlú kì í bá àwọn tí ara wọn le nìkan pàdé. Ní ibi gbogbo, ẹnì kan á wá sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n òun wà nílé, ó ń gba kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní chemotherapy. Bó bá gbà kí ẹ wá, ẹ lọ kí i, kí ẹ má pọ̀ ju méjì, kí ẹ má sì pẹ́. Ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣomi láàárín yín, kó dúró sínú ọkọ̀, torí kímò máa ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọlé. Ẹ má sọ ìtàn ẹni tó ní irú rẹ̀ tó kú, ẹ má sì sọ ti ẹni tó jẹ ewé kan tó sàn.

Kí gbogbo ilé tó ní aláìsàn tó ń gba kímò mọ èyí: bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lórí tẹmómítà, kí wọ́n má kàn fún un ní parasítámọ́ọ̀lù, kí wọ́n má sì wò ó di àárọ̀. Kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá jẹ́ òru, kí wọ́n sì sọ ní ẹnu géètì pé kímò ló ń gbà. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún wọn. Bí wọn ò bá ní tẹmómítà, ẹ fi owó ẹgbẹ́ ra ọ̀kan fún wọn ṣáájú kéèkì àti ohun mímu.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò, ẹ má fọkàn rò ó. Nígbà mìíràn owó ọkọ̀ ni. Nígbà mìíràn ẹni tó máa tò fún wọn láago márùn-ún ìdájí ni, tàbí ẹni tó máa mú ọmọ láti iléèwé. Obìnrin tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ lè fẹ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì tó ní ìtìlẹ́yìn nínú kó lè wọ aṣọ lọ sóde, àmọ́ kò ní sọ ọ́ lójú ọkùnrin. Ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ kò sí káàkiri: UCH ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ará Ọ̀yọ́ ń lọ, àwọn mìíràn sì ń lọ sí ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó lọ́dún 2019. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lèèyàn fi ń lọ lójoojúmọ́, nítorí náà ibi tí aláìsàn máa sùn nílùú náà ṣe pàtàkì tó owó ìtọ́jú. Ẹ bá wọn wá mọ̀lẹ́bí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó lè gbà wọ́n sílé. Fún àwọn tí agbára wọn ò ká owó, ẹ darí wọn sí ẹ̀ka àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláìní nílé ìwòsàn, kí wọ́n béèrè nípa Cancer Health Fund tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀. UCH wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí ìrora bá le, tí wọ́n ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́, ẹ má gbà. Ẹ̀ka kan wà ní UCH tó jẹ́ pé ìrora ni wọ́n ń bá jà, wọ́n sì ní oògùn rẹ̀. Èèyàn kò gbọ́dọ̀ máa ké mọ́jú nítorí pé àìsàn rẹ̀ ti pẹ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ lálẹ́ kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ò bá lè sùn fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ sinmi, ẹ má bá wọn lọ sí ìrìn àjò tó kàn. Àwọn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òbí tàbí ọkọ lọ́wọ́ wọn, mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n fi fóònù ṣiṣẹ́ láti ilé ná.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá padà

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ padà, ẹ pín orúkọ àwọn tí wọ́n rí nǹkan lára wọn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìwọ̀nba tó lè mójú tó, kó sì jẹ́ pé ohùn kan náà ni wọ́n á máa gbọ́ títí. Ẹ pè lọ́jọ́ kẹta. Ẹ pè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ dókítà, ẹ tún pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí ọkùnrin bá gbé fóònù obìnrin, ẹ kí i dáadáa, ẹ ní ẹ̀yin lẹ wá sí ìlú wọn láìpẹ́, ẹ sì fẹ́ kí Màmá. Ẹ má sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ fa ìlà márùn-ún síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: a darí rẹ̀, ó dé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì jáde, ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ìlà kejì ni èyí tó máa ń ṣófo jù. Bí ẹnì kan bá ní òun ti lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè orúkọ ẹni tó gba òun, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì yẹn. Kì í ṣe pé ẹ ń pè é ní onírọ́. Ó lè ti dé ẹnu géètì kó sì padà, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́. Bí fóònù kò bá wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pe nọ́ọ̀sì alábọ́ọ́dé ìlú náà, ẹ fún un ní orúkọ ilé àti àdúgbò nìkan, kó bá yín yà níbẹ̀ bí ẹni tó kàn ń kọjá.

Bí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ ka gbogbo ìwé náà fún ẹgbẹ́, kí ẹ sì fà á lé nọ́ọ̀sì alábọ́ọ́dé ìlú náà lọ́wọ́ tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bá tún ń ṣètò ìrìn àjò mìíràn, ẹ gbé ìlà kejì yẹn síwájú wọn. Ìlú tí orúkọ ti ṣófo jù níbẹ̀ ni kí ọkọ̀ kọ́kọ́ yà sí.